Kúáàkì Kì í Jẹrà

Ẹni tó bá fẹ́ fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ẹyọ tíntìntín tí físíìsì ń pè ní kúáàkì wíwúwo, àti àsọtẹ́lẹ̀ tí wọ́n ń ṣe nípa wọn, tó wá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè wo ibi tí "decay" wà, ìjẹrà ni yóò bá níbẹ̀. Bó bá fi lè kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí, àlàyé rẹ̀ ti dojú rú kó tó bẹ̀rẹ̀. Iṣu ló ń jẹrà. Yóò máa rọ̀ díẹ̀díẹ̀, yóò máa rùn, ẹni tó bá sì fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ lónìí á mọ̀ pé kò ní dé ọ̀la. Kúáàkì kò mọ ìkankan nínú èyí. Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà tírílíọ̀nù kan, nǹkan bí 1.5 irú rẹ̀ ni mésọ́ọ̀nù tí kúáàkì b wà nínú rẹ̀ máa ń lò láyé, síbẹ̀ èyí tó ti pẹ́ jù láàárín wọn kò sún mọ́ òpin ju èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé lọ. Kì í gbó, kì í rà. Ọ̀rọ̀ tó bá ń pè é ní jíjẹrà ń parọ́ mọ́ ọn ni.

Ká kọ́kọ́ sin àwọn tó rọrùn kọjá. Kúáàkì fúnra rẹ̀, ká yá a. Onífísíìsì Murray Gell-Mann ló fún un lórúkọ ní 1964, inú Finnegans Wake ti James Joyce ló ti rí bó ṣe máa kọ ọ́. George Zweig tó ronú kan ohun kan náà lọ́dún yẹn pè é ní "aces". Ọ̀rọ̀ tí kò ní gbòǹgbò nílé tó ti wá, gbòǹgbò wo la fẹ́ wá fún un nílé tiwa? Àwọn ẹ̀yà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ńkọ́? Ẹni tó bá túmọ̀ "bottom" sí kúáàkì ìdí, ẹ̀rín ni ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yóò fi gbà á. Bó bá sì pè é ní ìsàlẹ̀, ó ti lọ forí gbá "down". Lẹ́tà ni àwọn onífísíìsì fúnra wọn ń lò lójoojúmọ́: u, d, s, c, b, t. Ká lo lẹ́tà. Wíwúwo náà kọjá, nítorí b tẹ̀wọ̀n ju ìlọ́po mẹ́rin pùrótọ́ọ̀nù lọ. Àsọtẹ́lẹ̀ fún "prediction" kò sì ní ẹjọ́: kò di dandan kó jẹ́ ti wòlíì, a ti ń gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ ojú ọjọ́ lórí rédíò tipẹ́. Òfin tí mo dúró lé kò ju báyìí lọ: orúkọ la lè yá, ọ̀rọ̀ tó ń sọ ohun tí nǹkan ń ṣe, ilé la ti gbọ́dọ̀ wá a, nítorí òun la fi ń ronú.

Ẹni tó bá sá fún ìjẹrà lè sá lọ bá ìfọ́. Ìyẹn náà kò gbà. Igbá tó fọ́, ara rẹ̀ ni àwọn àkúfọ́ rẹ̀ wà kó tó fọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí b bá di c, tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan àti antineutrino kan sì jáde, kò sí ìkankan nínú wọn tó fara pamọ́ sínú b tẹ́lẹ̀. Paradà ló kù, ẹ jẹ́ ká tú u wò. Ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là ni padà, àbọ̀ rẹ̀ ló máa ń là á sí méjì: ó pa á dà, ó pa ohùn dà. Nínú paradà, ara fúnra rẹ̀ ni àbọ̀. Kò sẹ́ni tó ti kúáàkì, òun ló pa ara rẹ̀ dà. Fi ì ṣáájú, ó di ìparadà. Fi di tẹ̀ lé e, ó sọ ibi tí ó forí lé: b para dà di c. Jẹrà kò lè ṣe ìyẹn láé, nítorí iṣu tó jẹrà kì í di ohun kan pàtó. Ọ̀rọ̀ náà sì ti nílé tẹ́lẹ̀ lójú agbo eégún aláré. Apidán wà lábẹ́ aṣọ, ìlù kò dúró, ẹni tó wọlé bí ènìyàn jáde bí ọ̀nì. Ní 1989, àwọn onífísíìsì Nathan Isgur àti Mark Wise fi hàn pé bí a bá ka b àti c sí wíwúwo láìlópin, tí b para dà di c láì sún kúrò lójú kan, kúáàkì fẹ́ẹ́rẹ́ tó bá a gbé nínú mésọ́ọ̀nù àti àwọn gúlúọ́ọ̀nù tó yí i ká, tó so wọ́n pọ̀, kò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Nọ́ńbà tó ń wọn bí agbo àtijọ́ ṣe bá ti tuntun mu jẹ́ 1 géérégé. Ìlù kò yẹ̀.

Wọ́n lè ní ìparadà ní òórùn idán lára. Ó ní in lóòótọ́, àmọ́ mọ̀nàmọ́ná ti jẹ́ ti Ṣàngó kí wáyà tó dé, kò sì sí ẹni tó ń kígbe káwòó kó tó tan gílóòbù. Àtakò tó wúwo jùyẹn ni pé jíjẹrà náà ni òyìnbó ń wí, kò sì ṣì wọ́n lọ́nà. Èsì mi ni pé ọ̀pọ̀ ni ọ̀rọ̀ tiwọn bá mu, kò bá ẹyọ kan mu: ìtànṣán òkìtì tí wọ́n kó jọ ló ń rọlẹ̀ bí àkókò ti ń lọ. Àwa ní ìdínkù fún òkìtì, a sì ní ìparadà fún ẹyọ. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn ní àǹfààní láti tú ohun tí ẹni iwájú dì pọ̀.

Ó ku orúkọ irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe àsọtẹ́lẹ̀ náà, "effective field theory". Àwọn onígírámà wa ti sọ tíọ́rì di ọmọ ilé. Pápá náà lè kọjá, bí a bá rántí pé ohun tó kún ilẹ̀ náà là ń sọ, kì í ṣe ilẹ̀ náà. "Effective" ni ìjà wà. Ẹni tó bá kọ tíọ́rì tó gbéṣẹ́ ti sọ fún òǹkàwé pé àwọn yòókù kò wúlò. Ẹ wo Enrico Fermi: ní 1934 ó kọ tíọ́rì ìparadà níútírọ́ọ̀nù bí ẹni pé ojú kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Kò mọ W, ẹyọ tó ń ṣe alárinà ìparadà náà, tí wọn kò rí ní ilé ìwádìí CERN títí di 1983, síbẹ̀ ìṣirò rẹ̀ bá ohun tí wọ́n wọ̀n mu. W tẹ̀wọ̀n tó nǹkan bí ìlọ́po 19 kúáàkì b; ohun tó kéré bẹ́ẹ̀ kò lè bí W gidi, nítorí náà ọ̀nà Fermi ṣì tó fún un. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Tíọ́rì pápá oníwọ̀n ni mo pè é: ó bá ìwọ̀n ohun tó ń sọ mu, ó sì mọ ibi tí agbára òun mọ. Wọ́n ní oníwọ̀n ń bu tíọ́rì kù. Kò bù ú kù rárá. Iyì rẹ̀ gan-an nìyẹn, nítorí ó ń sọ bí àṣìṣe rẹ̀ ṣe lè tóbi tó kí ẹnikẹ́ni tó bi í.

Ní 1970 ni ètò Ifẹ̀ tí Babs Fafunwa darí bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ní 1984, Ayọ̀ Bamgboṣe ṣe olóòtú Èdè-Ìperí Yorùbá fún ìmọ̀ èdè àti lítíréṣọ̀. Ẹ̀yin tó bá máa to ti físíìsì jọ, ẹ yá kúáàkì, ẹ fi lẹ́tà sílẹ̀ bó ṣe wà, ẹ gba oníwọ̀n wò. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìjẹrà sílẹ̀ fún iṣu.