Ìtẹ́lọ́rùn àti Ìfarajìn Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìjọba ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Ìtẹ́lọ́rùn lẹ́nu iṣẹ́ ni bí owó oṣù, ọ̀gá, ìgbéga àti iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ṣe tẹ́ òṣìṣẹ́ lọ́rùn tó. Ìfarajìn ni ohun tó so ó mọ́ ibi iṣẹ́ náà. Àwọn méjèèjì sábà máa ń rìn pọ̀, àmọ́ wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ìyàtọ̀ wọn hàn ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ṣàgámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Àríwá Rẹ́mọ, àwọn olùkọ́ iléèwé ìjọba, àtàwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ tó wà ní Ṣàgámù.

Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó darí ló sì fi ṣílè márùn-ún lójúmọ́ ṣe owó iṣẹ́ tó kéré jù lọ lọ́dún 1954. Láyé ìgbà náà, ẹni tó ríṣẹ́ ìjọba ti fẹ̀yìn ti ògiri tó le: owó oṣù kì í yẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì sì dájú. Ọdún 1975 ni ìfọ̀kànbalẹ̀ yẹn mì. Owó Údòjì, ìyẹn àfikún owó oṣù tí ìgbìmọ̀ Údòjì dábàá, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni, nígbà tí ìjọba ológun Murtala Muhammed lé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó lé ní 10,000 kúrò lẹ́nu iṣẹ́ káàkiri Nàìjíríà.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé a kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba láàgùn. Lọ́dún 1975 kan náà, onímọ̀ ìṣèlú Peter Ekeh ṣàlàyé ibi tí irú èrò bẹ́ẹ̀ ti wá: lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ohun òyìnbó amúnisìn ni ìjọba, ẹ̀tọ́ la ń gbà níbẹ̀, ìdílé àti ìlú ẹni la jẹ ní gbèsè. Àlàyé náà jinlẹ̀. Síbẹ̀, àṣejù ni láti fi ọ̀rọ̀ yẹn bá nọ́ọ̀sì tó dá wọ́ọ̀dù kan dì mú lóru wí.

Lọ́dún 1991, àwọn olùṣèwádìí John Meyer àti Natalie Allen pín ìfarajìn sí mẹ́ta: ẹni tó dúró nítorí ìfẹ́, ẹni tó dúró nítorí ohun tí yóò pàdánù bó bá lọ, àti ẹni tó dúró nítorí ó kà á sí ojúṣe. Ìwádìí tí Adéyínká Tella àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tó jáde lọ́dún 2007, fi hàn pé ìwúrí, ìtẹ́lọ́rùn àti ìfarajìn tan mọ́ra. Ṣùgbọ́n níbi tí ìwúrí ti ga, ìfarajìn ń lọ sílẹ̀ ni.

Ọ̀nà kejì nínú mẹ́ta tí Meyer àti Allen kà, ìyẹn ìbẹ̀rù àdánù, ni owó ìfẹ̀yìntì fi ń di òṣìṣẹ́ mú, ibẹ̀ gan-an ló sì ti ń dunni jù ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọdún 2004 ni ìjọba àpapọ̀ gbé ètò ìfẹ̀yìntì alájọdá kalẹ̀, èyí tí òṣìṣẹ́ àti ìjọba jọ ń dá owó sí, Ògùn sì tẹ̀ lé e. Fún ọ̀pọ̀ ọdún làwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fi ń pariwo pé ìjọba ìpínlẹ̀ ń yọ owó ìfẹ̀yìntì yìí, àti ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, lára owó oṣù, kò sì dé ibi tó yẹ. Wọ́n tìtorí rẹ̀ yanṣẹ́ lódì. Owó oṣù tó kéré ṣe é fara dà bí ó bá pé. Èyí tí wọ́n yọ tí kò dé ibi tó ń lọ ló ń pa ọkàn òṣìṣẹ́. Nígbà tí Ògùn kéde ₦77,000 lọ́dún 2024 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tó kéré jù lọ, ₦7,000 ju ti àpapọ̀ lọ, ayọ̀ wà, àmọ́ ọjà ti gbówó lórí, àfikún yẹn nìkan kò sì lè wo ọgbẹ́ àtijọ́.

Ní ilé ìwòsàn Ṣàgámù, tó di ti ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìṣègùn lọ́dún 1986, ọ̀ràn náà tún gba ọ̀nà mìíràn yọ. Èkó kò jìnnà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Saudi Arabia sì ń pe dókítà àti nọ́ọ̀sì. Bí ẹnìkan bá lọ, iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sọ́rùn ẹni tó kù, kódà bí ìyẹn bá fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Ilé tí wọ́n kọ́ àti òbí tó ti dàgbà ló ń mú ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú dúró. Ìdúró bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìtẹ́lọ́rùn, kò sì yẹ kí ìjọba kà á sí i.

Ní ti ìjọba ìbílẹ̀, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 2024 pé kí owó wọn máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn, kí ó má gba ọwọ́ ìpínlẹ̀ kọjá mọ́. Owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ so mọ́ owó yẹn, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn ni èrè tàbí àdánù ìdájọ́ náà yóò ti kọ́kọ́ hàn.