Ìsinmi Ọjọ́ Àjọ̀dún láàárín Àwọn Júù tí ó Gba Jésù ní Mèsáyà

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni a fẹ́ yẹ̀ wò: bí Júù kan bá gbà pé Jésù ni Mèsáyà, ǹjẹ́ ó yẹ kí ó ṣì máa ṣíwọ́ iṣẹ́ ní ọjọ́ àjọ̀dún tí Òfin Mósè là sílẹ̀? Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìsìn nìkan. Ẹni tí ó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa nígbà tí aládùúgbò rẹ̀ ń tajà ti fi àwọn tí òun jẹ́ tiwọn hàn kí ó tó la ẹnu.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo òfin náà. Nínú Léfítíkù, orí 23, ọjọ́ méje ni a yà sọ́tọ̀ láàárín ọdún, yàtọ̀ sí ọjọ́ ìsinmi ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀: ọjọ́ kìíní àti ìkeje Àjọ Àkàrà Àìwú, Pẹ́ńtíkọ́sì, ọjọ́ Ìfùnpè, Ọjọ́ Ètùtù, àti ọjọ́ kìíní àti ìkẹjọ Àjọ Àgọ́. Ní Ọjọ́ Ètùtù, a kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ kankan rárá. Ní ọjọ́ mẹ́fà yòókù, ohun tí Bíbélì Yorùbá pè ní 'iṣẹ́ agbára' ni a kà léèwọ̀. Ẹ́kísódù 12:16 gbà kí a dáná oúnjẹ nígbà Àjọ Àkàrà Àìwú.

Júù ni àwọn ọmọ-ẹ̀yìn àkọ́kọ́, wọn kò sì pa àjọ̀dún wọ̀nyí tì. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 20, fi Pọ́ọ̀lù hàn bí ẹni tí ń yára kí ó lè wà ní Jerúsálẹ́mù ní ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì. Síbẹ̀, lẹ́tà tí a fi orúkọ rẹ̀ kọ sí àwọn ará Kólósè sọ pé kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dá wọn lẹ́jọ́ nítorí ọjọ́ àjọ. Àríyànjiyàn náà ti wà láti ìpìlẹ̀.

Ọ̀rúndún kẹrin ni ó sọ ọ́ di ààlà. Ní ọdún 321, Constantine pàṣẹ kí àwọn ará ìlú sinmi ní ọjọ́ Àìkú, ó sì yọ̀ǹda kí àgbẹ̀ ṣe iṣẹ́ oko. Lẹ́yìn náà, àwọn bíṣọ́ọ̀bù tí ó pàdé ní Laodicea pàṣẹ kí Kristẹni má sinmi ní ọjọ́ Sátidé, bí kò ṣe kí ó ṣiṣẹ́. Wọ́n tún ní kí wọ́n má gba àkàrà àìwú lọ́wọ́ Júù. Ní ọdún 386 sí 387, John Chrysostom wàásù kíkankíkan ní Áńtíókù sí àwọn Kristẹni tí ń bá Júù ṣe àjọ̀dún. Ẹ̀rí ni èyí jẹ́ fún òpìtàn, nítorí a kì í ṣòfin lórí ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe. Ní ìgbà kan náà, Epiphanius kọ̀wé nípa àwọn Násáréénì, tí wọ́n gba Kristi tí wọ́n sì ń pa Òfin mọ́. Ó kà wọ́n sí aládàámọ̀. Ó sì ní àwọn Júù pẹ̀lú ń gé wọn ní ègún. Ìhà méjèèjì ni wọ́n ti lé wọn.

Ọ̀rọ̀ náà tún sọjí ní Kishinev, tí ó wà lábẹ́ Rọ́ṣíà nígbà náà. Joseph Rabinowitz lọ sí Palẹ́sínì ní ọdún 1882, ó padà dé pẹ̀lú ìgbàgbọ́ nínú Jésù, ó sì dá ìjọ Àwọn Ọmọ Ísírẹ́lì ti Májẹ̀mú Titun sílẹ̀ ní ọdún 1884. Ní tirẹ̀, ogún ìran rẹ̀ ni ọjọ́ ìsinmi àti àjọ̀dún. Wọn kì í ṣe owó tí a fi ń ra ìgbàlà. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ní ọdún 1975, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn Júù onígbàgbọ́ ní Amẹ́ríkà fi orúkọ Mèsáyà rọ́pò orúkọ Kristẹni tí wọ́n ń jẹ́, èrò kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n bí ìsinmi bá jẹ́ ogún lásán, kí ni yóò mú kí òṣìṣẹ́ aláìní pàdánù owó iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀ nítorí rẹ̀? Lójú tèmi, Léfítíkù fúnra rẹ̀ dáhùn. Láàárín òfin àjọ̀dún, ní ẹsẹ 22, ni ó ti pàṣẹ kí a fi èéṣẹ́ oko sílẹ̀ fún tálákà àti àlejò. Ẹrú kò lè ṣíwọ́ iṣẹ́ nígbà tí ó bá wù ú. Àwọn tí a gbà lóko ẹrú ni a sì fún ní òfin yìí. Fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún ni a fi ìsinmi dá Júù mọ̀ yàtọ̀ sí Kristẹni. A gbàgbé láti béèrè ẹni tí ó ń sinmi nítorí rẹ̀.