Ọjọ́ Kọkàndínlọ́gbọ̀n Oṣù Keje

Ọjọ́ kan náà nínú oṣù ni àwọn ológun dojú ìjọba dé lẹ́ẹ̀mejì ní ilẹ̀ wa: 29 oṣù Keje 1966, àti 29 oṣù Keje 1975. Àwa ará Fìdítì kò lè pe ti àkọ́kọ́ ní ìtàn òkèèrè. Ìbàdàn nìyẹn, níbi tí ọ̀nà wa já sí.

Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba, wá bá àwọn ọba ṣe ìpàdé níbẹ̀, ó sì wọ̀ sí ilé ìjọba lọ́dọ̀ Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn. Ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní bárékè Abẹ́òkúta lóru. Àwọn ọmọ ogun tí Danjuma ṣáájú sì yí ilé náà ká. Wọ́n mú àlejò, wọ́n mú onílé, wọ́n pa àwọn méjèèjì nítòsí Lálúpọn. Ohun tí a fi ń kọ́ ọmọ ni pé Fájuyì kọ̀ láti fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn mìíràn ní òun gan-an wà lára àwọn tí wọ́n ń wá, nítorí ìfura tí wọ́n ní sí i láti oṣù Kínní. Lójú tèmi, ó yẹ kí olùkọ́ sọ méjèèjì fún akẹ́kọ̀ọ́.

Gowon ni ó gorí àlééfà lẹ́yìn èyí. Ọdún mẹ́sàn-án pé géérégé, ó wà ní ìpàdé àwọn olórí Áfíríkà ní Kampala, Garba, olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀, sì kéde lórí rédíò pé wọ́n ti yọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ kò ṣàn. Murtala Muhammed, tí ó wà nídìí ọ̀tẹ̀ 1966, ni ó rọ́pò rẹ̀. Ìbọn àwọn ológun ni ó pa òun náà ní Èkó, ní 13 oṣù Kejì 1976.