Áàpù wo ló yẹ kí ẹgbẹ́ oníbáìkì máa fi wá ọ̀nà tí wọ́n bá ń rìnrìn àjò jíjìn?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé báìkì ńlá mẹ́jọ gbéra l'Ékòó láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Òkè Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ni wọ́n ń lọ. Fóònù mẹ́jọ wà lórí háńdù báìkì mẹ́jọ, kálukú sì ti tẹ orúkọ Ìdànrè sínú áàpù tiẹ̀. Márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni wọ́n ń bá lọ. Nígbà tí wọ́n dé oríta Ṣàgámù, fóònù ẹni tó wà níwájú ní kó máa lọ tààrà, kó gba Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Iléṣà dé Àkúrẹ́. Fóònù ẹnì karùn-ún ní kó yà sápá ọ̀tún, kó gba Ìjẹ̀bú-Òde dé Ọ̀rẹ, kó wá ti Oǹdó jáde. Kò séyìí tó parọ́ nínú fóònù méjèèjì, nítorí ọ̀nà méjèèjì ló dé Ìdànrè. Àmọ́ ẹgbẹ́ ti já sí méjì, ariwo ẹ́ńjìnnì ò sì ní í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ bí fóònù bá ń dún.

Ìdí rèé tí ìbéèrè "áàpù wo ló dáa jù?" táwọn oníbáìkì máa ń bi ara wọn kì í fi í ní ìdáhùn kan ṣoṣo. Áàpù tó dáa gan-an fún ẹni tó ń wá ilé ìnáwó ní Surulérè lè tú ẹgbẹ́ ká lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ. Nǹkan mẹ́ta lẹgbẹ́ nílò ju ohun gbogbo lọ: kí ọ̀nà kan náà wà nínú fóònù gbogbo wọn, kó má sì máa yí padà fúnra rẹ̀, kó máa ṣiṣẹ́ níbi tí kò ti sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kí wọ́n sì lè mọ ibi tí ẹni tí wọn ò rí mọ́ wà. Kò sí áàpù kan tó ń ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dáadáa. Tẹ́ ẹ bá ní kí n sọ tinú mi, méjì lẹ máa nílò: ẹyọ kan fún ọ̀nà, ẹyọ kan fún wíwá ara yín.

Google Maps àti Waze

Google Maps lọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ ọ́n lò, ó sì ti wà lórí fóònù Android kẹ́ ẹ tó rà á. Oṣù Keje, ọdún 2019, ni Google gbé ètò ọ̀nà alùpùpù inú rẹ̀ wọ Nàìjíríà, lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi lọ́lẹ̀ ní Íńdíà lọ́dún 2017. Àsìkò yẹn náà ni ohùn tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ọmọ Nàìjíríà dé. Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ èdè, wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ lórí ohùn náà. Ẹni tó ń fi etí nìkan gbọ́ orúkọ ìlú nínú akoto mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá nìyẹn.

Ohun tọ́pọ̀ èèyàn ò fiyè sí ni pé kì í ṣe báìkì ìrìn àjò ni ètò ọ̀nà alùpùpù yìí wà fún. Báìkì kékeré tó ń sáré láàárín ìlú ni, irú èyí tó lè gba ẹ̀gbẹ́ ọjà kọjá kó tún yọ sí títì lódìkejì. BMW R 1250 GS táwọn arìnrìn-àjò fẹ́ràn wúwo tó kìlógíráàmù 249, a ò tíì ka ẹrù àti ẹni tó gùn ún mọ́ ọn. Bajaj Boxer táwọn ọlọ́kadà ń gùn ò ju bí ìdajì ìyẹn lọ. Ọ̀nà àbùjá tí Boxer máa gbà lẹ́yìn òjò láìsí wàhálà lè di ibi tí èèyàn mẹ́rin á ti máa fa báìkì ńlá kan jáde nínú ẹrẹ̀. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá ti kúrò nínú ìlú, orí ọ̀nà ọkọ̀ ni kẹ́ ẹ fi áàpù náà sí, ẹ fi ti alùpùpù sílẹ̀.

Ẹ lè dáńlóòdù máàpù agbègbè kan sórí Google Maps kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, á sì máa júwe ọ̀nà ọkọ̀ fún yín láìsí dátà. Àmọ́ láìsí dátà, kò ní í lè sọ ibi tí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ wà. Máàpù tẹ́ ẹ dáńlóòdù yẹn tún ní ọjọ́ tó máa kú, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ tó ṣáájú ìrìn àjò.

Níbi tó ti ń ṣòro fún ẹgbẹ́ ni pé, tẹ́ ẹ bá fi línkì ọ̀nà ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, fóònù onítọ̀hún á tún ọ̀nà náà ṣírò fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló sì tún lè fi ọ̀nà míì tó yá jù lọ̀ yín láàárín ìrìn, nígbà tí ọwọ́ yín wà nínú ìbọ̀wọ́, tẹ́ ò ráyè tẹ ohunkóhun. Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi àwọn ibi ìdúró há a láàárín. Ó gba ibi ìdúró mẹ́sàn-án kó tó kan ibi tẹ́ ẹ ń lọ gan-an. Tẹ́ ẹ bá ti to Ìjẹ̀bú-Òde, Ọ̀rẹ àti Oǹdó síbẹ̀, kò sí fóònù tó máa sọ pé Ìbàdàn lòun fẹ́ gbà.

Ẹ tún ṣọ́ra fún orúkọ. Ìjú wà l'Ékòó, Ìjú wà nítòsí Àkúrẹ́. Máàpù ò sì mọ àmì ohùn: Ṣàgámù lè jẹ́ Sagamu tàbí Shagamu, Iléṣà lè jẹ́ Ilesa tàbí Ilesha. Kí ẹni kan ṣoṣo mú ojú ibẹ̀ lórí máàpù, kó fi ojú ibẹ̀ gan-an ránṣẹ́ sí gbogbo yín. Kì í ṣe kí èèyàn mẹ́jọ jókòó máa tẹ orúkọ.

Waze, tí Google rà lọ́dún 2013, dùn ún lò láàárín Èkó. Àwọn tó ń lò ó ló ń kìlọ̀ fún ara wọn: ọkọ̀ bà jẹ́ síbí, kòtò wà lọ́hùn-ún. Ó ní ètò fún alùpùpù náà. Ṣùgbọ́n dátà ló gbé e ró, kò sí máàpù tẹ́ ẹ lè dáńlóòdù pa mọ́ síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá sì ti kọjá ibi tí èrò pọ̀ sí, ta ni yóò kìlọ̀ fún yín? Ẹ lò ó títí dé Berger, kẹ́ ẹ pa á.

Àwọn tí kò nílò dátà

Àwọn kan rò pé tí dátà bá tán, fóònù ò mọ ibi tó wà mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì GPS, tó wà ní nǹkan bíi 20,200 kìlómítà lókè orí wa, ni fóònù ti ń mọ ojú ibi tó wà, ìyẹn ò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwòrán máàpù fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń fi dátà fà wá. Bí máàpù bá ti wà nínú fóònù tẹ́lẹ̀, ẹ lè yọ káàdì SIM dà nù, yóò ṣì máa júwe ọ̀nà.

Orí èyí ni OsmAnd àti Organic Maps dúró lé. Máàpù OpenStreetMap làwọn méjèèjì ń lò. Ọdún 2004 ni Steve Coast dá a sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnikẹ́ni ló sì lè fi ohun tó mọ̀ nípa àdúgbò rẹ̀ kún un. Organic Maps rọrùn, ó fúyẹ́, kò ní ìpolówó ọjà. OsmAnd le díẹ̀ láti kọ́, ojú rẹ̀ kún fún nǹkan rẹpẹtẹ, èyí tí kì í sanwó fún lórí Android sì níye máàpù tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ dáńlóòdù. Síbẹ̀ òun ni mo fara mọ́ fún ẹgbẹ́, nítorí fáìlì GPX.

GPX yìí kì í ṣe nǹkan àràmàǹdà. Fáìlì kékeré kan ni, tí wọ́n to ojú ọ̀nà sí lẹ́sẹẹsẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bíi pé ẹnì kan ń da eérú sílẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ẹni tó máa ṣíwájú á jókòó sílé, á fa ọ̀nà náà látòkè délẹ̀, á sọ ọ́ di GPX, á wá jù ú sórí WhatsApp ẹgbẹ́. Kálukú á fi OsmAnd ṣí i, á ní kó tẹ̀ lé e. Ó parí. Fóònù ò tún ní í ronú ọ̀nà kankan fúnra rẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣèèṣì yà, á dá a padà sórí ìlà kan náà. Organic Maps náà lè fi ìlà GPX hàn lórí máàpù, èyí tó tó fún ẹni tó wà láàárín ẹgbẹ́, tó kàn fẹ́ mọ̀ pé òun ò tíì ṣìnà.

Ibi tí wọ́n kù sí? Wọn ò mọ̀ pé ọkọ̀ ti dí ọ̀nà lónìí, wíwá àdírẹ́sì ilé lórí wọn sì máa ń sú èèyàn. Àwọn abúlé kan wà tí máàpù wọn kún dáadáa, àwọn kan wà tó jẹ́ ìlà kan péré.

Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ dán gbogbo fóònù wò: ẹ fi wọ́n sórí ètò inú ọkọ̀ òfuurufú, kẹ́ ẹ ṣí áàpù náà. Èyí tí máàpù rẹ̀ bá funfun, olówó rẹ̀ ò tíì dáńlóòdù nǹkan kan.

Ẹ lè ti gbọ́ nípa Calimoto àti Kurviger, táwọn ará Jámánì ṣe fún oníbáìkì nìkan. Iṣẹ́ wọn ni láti máa wá ọ̀nà tó rí kọ́lọkọ̀lọ fún yín, nítorí pé ibẹ̀ ni báìkì ti ń dùn ún gùn. Lójú tèmi, ẹni tó ń lọ sí Òkè Ìdànrè ò tíì nílò ẹni táá máa bá a wá kọ́nà kiri. Ibi tí ọ̀dà ti jẹ ló yẹ kó mọ̀, ẹni tó gba ọ̀nà yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá ló sì máa sọ ìyẹn fún un.

Ẹni tẹ́ ò rí mọ́

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹ̀mí. Táyà ẹni tó wà lẹ́yìn jò, àwọn ará iwájú ò mọ̀, wọ́n ti fi ogún kìlómítà ṣíwájú kí wọ́n tó kà á pé èèyàn méje làwọn. Ilẹ̀ sì ń ṣú.

Áàpù tó dáa jù fún èyí ti wà lọ́wọ́ gbogbo yín: WhatsApp. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2017 ló ti ní ètò fífi ibi téèyàn wà hàn bó ṣe ń lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wákàtí kan tàbí wákàtí mẹ́jọ lẹ lè yàn. Wákàtí mẹ́jọ ni kẹ́ ẹ yàn, kẹ́ ẹ sì rántí pé tó bá pé, ṣe ló máa kú, ẹ ní láti tún un tàn. Dátà ló ń lò. Tí ẹnì kan bá wọ ibi tí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ibi tó wà kẹ́yìn lẹ máa rí, kì í ṣe ibi tó wà báyìí. Síbẹ̀ ìyẹn náà wúlò, ó kéré tán, ẹ ti mọ ibi tẹ́ ẹ máa ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Ẹ dá ẹgbẹ́ WhatsApp tuntun sílẹ̀ fún ìrìn àjò náà nìkan: àwọn tó ń gun báìkì, àti ẹnì kan tó wà nílé. Ẹ má gbé e síbi tí igba èèyàn wà, ẹ má sì máa fi ibi tẹ́ ẹ dé sórí Facebook títí tẹ́ ẹ fi máa sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé ṣe rí lójú pópó wa, kí la tún fẹ́ máa júwe ara wa fún wọn fún?

Ètò kan tún wà tí kò nílò fóònù rárá, ó sì dáa ju gbogbo áàpù lọ. Ẹni iwájú àti ẹni ẹ̀yìn kì í yí padà. Níbi tí ọ̀nà bá ti pín, ẹni tó tẹ̀ lé ẹni iwájú á dúró síbi tí kò léwu, bí ilé epo, á máa nawọ́ ọ̀nà tó yẹ sí àwọn tó ń bọ̀, títí ẹni ẹ̀yìn pátápátá fi máa dé. Nígbà náà lòun á tó wọlé síwájú ẹni ẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe èyí, ẹni méjì péré, ẹni iwájú àti ẹni ẹ̀yìn, ló nílò kí áàpù máa sọ̀rọ̀ sí wọn létí. Kí fóònù àwọn yòókù wà lápò, kí bátìrì rẹ̀ má bàa kú.

Nípa fóònù fúnra rẹ̀: ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, iléeṣẹ́ Apple kìlọ̀ pé gbígbọ̀n ẹ́ńjìnnì báìkì tó lágbára lè ba kámẹ́rà iPhone jẹ́ tí wọ́n bá ń so ó mọ́ háńdù. Ẹ ra ìdè tó ní rọ́bà tó ń gba ìgbọ̀nrìrì náà, tàbí kẹ́ ẹ fi fóònù àtijọ́ kan ṣe ti ọ̀nà. Oòrùn ọ̀sán náà ń bẹ níbẹ̀: ìwọ̀n 35 lórí Celsius ni Apple ní kí ooru ibi téèyàn ti ń lo iPhone má kọjá, fóònù tó bá gbóná jù sì lè pa ara rẹ̀ láìtọrọ àyè. Ẹ kọ orúkọ àwọn ìlú tẹ́ ẹ máa gbà sórí bébà, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ tánkì.

Tí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, 122 ni nọ́ńbà àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ẹ ò ní í san owó ìpè. Orúkọ abúlé tàbí ilé epo tó súnmọ́ yín jù ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn, ẹ lè ti kà á lórí máàpù. Àwọn nọ́ńbà gígùn tí GPS ń gbé jáde, ẹ̀yìn ìyẹn ni.

Àwọn tó bá fẹ́ sọdá Sẹ̀mẹ̀ lọ sí Benin, kí wọ́n dáńlóòdù máàpù Benin nílé, àti ti Togo tí wọ́n bá máa dé Lomé. Fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ti Nàìjíríà ò sì ní í kọjá ẹnubodè. Ìkọsílẹ̀ Faransé ni wọ́n máa bá níbẹ̀: Porto-Novo ni wọ́n kọ sí Àjàṣẹ́, Kétou ni wọ́n kọ sí Kétu, Savè ni Ṣábẹ̀ẹ́.