Ilé tí Àpáta Gbà Lálejò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òwe yìí ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn nígbàkúùgbà tí mo bá ń ronú nípa ilé ìwẹ̀ kan tí ó wà ní orílẹ̀-èdè Iceland, ní ìhà àríwá ayé, tí wọ́n ń pè ní Blue Lagoon. Ọ̀nà méjì ni òwe náà fi bá ilé yìí mu. Èkíní, àṣìṣe ni ó bí ẹwà rẹ̀. Èkejì, iná abẹ́ ilẹ̀ ti padà wá kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni pé, nígbà tí a bá sọ pé ilé kan bá ilẹ̀ tí a kọ́ ọ sí mu, kí ni a ní lọ́kàn gan-an?

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ilẹ̀ tí à ń wí. Ní Reykjanes, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Iceland, òkè ayọnáyèéfín ni ó dá ilẹ̀. Illahraun ni orúkọ ibi tí ilé ìwẹ̀ náà wà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni ilẹ̀ àpáta burúkú. Ní ọdún 1226 ni àpáta yíyọ́ tú jáde níbẹ̀, tí ó ṣàn, tí ó tutù, tí ó sì dì. Títí di òní, dúdú ni, ó sì rí gbágungbàgun. Ewéko rírẹlẹ̀ kan tí ó múlọ́ bí irun àgùntàn ni aṣọ tí ó dà bora.

Ní 1976, ilé iṣẹ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi gbígbóná láti abẹ́ ilẹ̀ ní Svartsengi, nítòsí àpáta yìí, láti fi mú ilé àwọn ará àdúgbò móoru àti láti fi pèsè iná mànàmáná. Omi òkun àti omi tí kò níyọ̀ ni ó dàpọ̀ nínú omi náà. Bí wọ́n bá lò ó tán, wọn a dà á sórí àpáta, pẹ̀lú èrò pé yóò rá sínú àwọn ihò ara rẹ̀. Omi kọ̀, kò rá. Sílíkà, èròjà funfun tí ó jẹ́ ìran yanrìn, ni ó silẹ̀ nínú rẹ̀ tí ó sì dí àwọn ihò náà. Báyìí ni omi ìdànù di adágún, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ojú sánmà tí a po wàrà mọ́. Ní 1981, ẹni tí àìsàn awọ ara ń bá fínra bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ níbẹ̀, ara sì tù ú. Ní 1987, wọ́n ṣí ibẹ̀ fún gbogbo ènìyàn.

Nígbà tí ó tó àkókò láti kọ́ ilé ìwẹ̀ tí wọ́n ṣí ní 1999, ayàwòrán ilé kan, Sigríður Sigþórsdóttir, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Obìnrin yìí kò bá àpáta du ipò. Ó jẹ́ kí ilé rẹlẹ̀. Ọ̀nà tóóró tí ó la àárín àpáta kọjá ni àlejò ń gbà wọlé, àpáta lọ́tùn-ún, àpáta lósì. Nígbà tí wọ́n fi ilé ìtura kún un ní 2018, ilé iṣẹ́ Basalt, tí òun wà lára àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀, jẹ́ kí àpáta wọ inú yàrá: ní ibòmíràn, àpáta gan-an ni ògiri. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ.

Èmi náà ti wà lára àwọn tí ó rò pé ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Mo rò pé bí òkúta bá ti jọ òkúta, tí ilé kò sì yájú sí òkè, ìbáramu ti dé. Ọdún 2023 ni ó là mí lójú. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, ilẹ̀ mì léraléra. Ilé ìwẹ̀ ti ilẹ̀kùn, wọ́n sì kó gbogbo ará ìlú Grindavík tí ó wà nítòsí, nǹkan bí 3,800 ènìyàn, kúrò nílé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá, iná tú jáde. Wọ́n sáré mọ odi ńláńlá yí Svartsengi àti ilé ìwẹ̀ ká, bí àwọn baba wa ti ń mọ odi yí ìlú ká nígbà ogun. Síbẹ̀, ní oṣù Kọkànlá 2024, àpáta yíyọ́ ṣàn bo ibi tí àwọn àlejò ń gbé ọkọ̀ sí.

Ẹnìkan lè wí pé ìwà òmùgọ̀ ni láti kọ́lé síbẹ̀ rárá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Iná tí ó ń dẹ́rù bà wọ́n náà ni ó ń gbé omi wọn kaná. A kò lè gba ọ̀kan kí a kọ èkejì. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé àwọn àgbà wa kò ṣàṣìṣe nígbà tí wọ́n wí pé ìwà lẹwà. Bí ó ti rí fún ènìyàn ni ó rí fún ilé. Kí àwọ̀ ilé jọ àwọ̀ àpáta, ẹwà ojú lásán ni. Ìwà ilé ni kí ó mọ̀ pé àlejò ni òun: kí ó má fẹjú ju bí ó ti yẹ lọ, kí ó má ba ohun tí ó bá nílẹ̀ jẹ́, kí ó sì lè tètè tú àwọn ènìyàn inú rẹ̀ sílẹ̀ bí onílé bá fọhùn. Ilé tí kò ní ìwà yìí, bí a fi gbogbo òkúta Iceland kọ́ ọ, kò bá ilẹ̀ rẹ̀ mu.