Àwọn Àgbá Koko àti Ọkọ̀ Tó Kọjá Lójú Òkun Àgbádárìgì

Ẹni tó bá ti jókòó sí etíkun Àgbádárìgì rí á mọ̀ pé ọkọ̀ kì í wọ́n lójú òkun níbẹ̀. Èyí tó bá kúrò ní Èkó tó kọjú sí Kútọnu, Lọmé tàbí Abidjan, apá ibẹ̀ ló ń gbà. A máa ń kà wọ́n bí a bá lọ ṣeré níbẹ̀. Ohun tó wà nínú wọn ni a kì í mọ̀. Ṣé àwọn tó ń já ẹrù inú wọn gan-an mọ̀ ọ́n?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sí Koko, èbúté kékeré kan lórí odò Benin. Ìpínlẹ̀ Bendel ló wà nígbà náà. Delta ni lónìí. Láàárín 1987 sí 1988, wọ́n fi ọkọ̀ kó nǹkan bí 3,900 tọ́ọ̀nù ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá síbẹ̀. Nínú ìwé ẹrù, ohun tó jẹ mọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni wọ́n pè é. Bàbá kan ní ìlú náà fi àgbàlá rẹ̀ háyà fún wọn, owó oṣù rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún dọ́là. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ló jókòó síbẹ̀ tí oòrùn ń pa, tí òjò ń pa. Àwọn kan wú, àwọn kan ń jò. Àwọn ará ìlú kan tilẹ̀ da ohun inú àgbá nù, wọ́n gbé e lọ sílé láti fi pọn omi sí. (Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ilé ta ni kò ti sí àgbá búlúù tí a kò mọ ohun tó kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀?)

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiwa ló tú àṣírí náà: àwọn ọmọ Nàìjíríà tó ń kàwé ní Ítálì rí i nínú ìwé ìròyìn ibẹ̀, wọ́n sì kọ̀wé sílé. Ní oṣù kẹfà 1988, ariwo ta.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ló ń dùn wá jù. Ìjọba ní kí wọ́n kó o padà, wọ́n bá gba òṣìṣẹ́ láti kó o sínú ọkọ̀ méjì, Karin B àti Deep Sea Carrier. Ọ̀pọ̀ wọn kò ní aṣọ ààbò. Kẹ́míkà bó àwọn kan lára, àwọn kan pọ ẹ̀jẹ̀, wọ́n dèrò ilé ìwòsàn. Bẹ́ẹ̀ sì ni Òfin Ilé-iṣẹ́ ti 1987 ti sọ ọ́ kedere nígbà náà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ tó lè pa á lára láìjẹ́ pé wọ́n ti ṣàlàyé ewu rẹ̀ fún un, àti bí yóò ṣe ṣọ́ra. Ọdún 1988 kan náà ni ìjọba ṣe òfin tó fi ẹ̀wọ̀n gbére de ẹni tó bá kó irú ìdọ̀tí bẹ́ẹ̀ wọlé. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbé àgbá ńkọ́?

Èkejì rèé. Ní oṣù keje 2006, ọkọ̀ Probo Koala fẹ́ da ìdọ̀tí rẹ̀ sílẹ̀ ní Amsterdam. Òórùn rẹ̀ lé kenkà, àwọn tó fẹ́ gbà á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ní owó rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sókè gan-an. Ọkọ̀ kó ẹrù rẹ̀ padà. Ó yà sí Èkó, kò já a síbẹ̀, ó sì kọjá lọ sí Abidjan. Ẹ wo máàpù: ojú òkun Àgbádárìgì wà lọ́nà yẹn. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹjọ, ilé iṣẹ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé àṣẹ gbà á, ọkọ̀ akẹ́rù sì dà á káàkiri ìlú. Ó lé ní 100,000 ènìyàn tó wá ìtọ́jú. Ìjọba ibẹ̀ ní ó kéré tán, ènìyàn 15 ló kú.

Imú àwọn ará Abidjan kò kú o. Gbogbo wọn gbọ́ òórùn náà. Ẹni tó gbọ́ ọ ní Amsterdam ló mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó mọ ẹni tí yóò sọ fún, ó sì lè ní kí iṣẹ́ dúró.

Ọ̀kan nínú wa ṣe IT ní ilé iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ní ọjọ́ kejì rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní kó yí àgbá kan lọ sí ẹ̀yìn ilé. Bébà ara rẹ̀ ti ṣí. Ó béèrè pé, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló wà nínú rẹ̀?” Ọ̀gá náà ní, “Ìwọ ṣáà máa yí i lọ.”

Ó yí i lọ.