Àwo Jáàsì àti Sóòlù ní Èkó: Ọ̀nà Àpápá

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn ará Èkó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwo jáàsì àti sóòlù jọ yóò rìn títí. Díẹ̀ wà nínú ìtàn ìgbésí ayé Fẹlá, olórin Afrobeat, díẹ̀ wà nínú ti Tony Allen, onílù rẹ̀, díẹ̀ wà lára páálí àwo tí ikán ti jẹ etí rẹ̀, èyí tó pọ̀ jù sì wà lẹ́nu àwọn àgbà tó ń fi wá sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí ọ̀kan sọ, èkejì a ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti ń dùn mí, nítorí Ìkòyí tàbí Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn tó ń kọ ọ́ sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀. Àpápá ló yẹ kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni àwo ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì padà wá ń gba orin sílẹ̀. Ajégúnlẹ̀ tó fẹ̀gbẹ́ kàn án ni púpọ̀ nínú àwọn tó ń já ẹrù náà ń sùn sí.

Àríyànjiyàn àkọ́kọ́ dá lórí ìgbà tí ohùn Yorùbá kọ́kọ́ wọ inú àwo. Àwọn kan ní 1922, àwọn kan ní 1925. Ẹnì kan náà ni tọ̀tún tòsì ń sọ: Àlùfáà Josiah Jesse Ransome-Kuti, baba bàbá Fẹlá, tó kọ orin ìyìn lédè wa fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Ìlú Ọba, ojú àwo 43 lápapọ̀. Èmi gba 1922, nítorí ọdún náà ló dúró níwájú ẹ̀rọ kọrin. Ìgbà tí àwo náà bọ́ sọ́wọ́ aráyé ni àwọn tó ń sọ 1925 ń wò. Ohun tó jẹ mí lógún jù níbẹ̀ ni orúkọ ilé-iṣẹ́ náà. Abẹ́ Gramophone Company ni Zonophone wà, Gramophone Company yìí náà ló sì dara pọ̀ mọ́ Columbia ní 1931 tí wọ́n di EMI. Ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn tí bàbá àgbà kọrin, EMI ló ń gbé àwo ọmọ ọmọ rẹ̀ jáde ní Nàìjíríà. Ìdílé kan ṣoṣo, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo. N kò rí ìwé tó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ bó ti yẹ, ìdí nìyí tí mo fi fi í síwájú.

Ọdún 1926 ni wọ́n ṣí èbúté Àpápá, ibùgúnlẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rin ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, Domingo Justus gbé àwo tirẹ̀ jáde fún Zonophone ní 1928, Túndé King kọ orin jùjú fún Parlophone ní 1936, ogun Hitler sì dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Àwo tí wọ́n ń gbọ́ nígbà náà ni èyí tó ń yí ní ìgbà 78 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ó wúwo, ó sì gan. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, ó di àfọ́kù bí àwo ìjẹun. Orin kan kì í kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀ lójú kan. Ìgbà tí Columbia ti Amẹ́ríkà gbé àwo ńlá oníróbà jáde ní 1948, tí RCA sì gbé kékeré oní-45 jáde ní 1949, ni kíkó àwo jọ tó di ohun tí tálákà lè dábàá. Wọ́n fúyẹ́, wọn kì í tètè fọ́, ọkùnrin kan sì lè kó ogún sínú àpótí kan kó gbé e sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òkun láìsí wàhálà.

Ọkọ̀ wo? Àwọn ọkọ̀ Elder Dempster ni. Láti 1951 ni èyí tí wọ́n ń pè ní Aureol ti ń ná Liverpool sí Èkó, Àpápá ni ó sì ń gúnlẹ̀ sí. Ilé-ìtajà ńlá ló ń mú àwo tó pọ̀ wọlé, n kò jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó dá wọn lójú pé yóò tà ni wọ́n ń kó. Atukọ̀ ni kì í wo ọjà. Ohun tí etí rẹ̀ fẹ́ ló ń rà, Art Blakey lónìí, Ray Charles lọ́la, bó bá sì délé tí owó tán, á tà á fún ẹni tó wà nítòsí. Ẹni tó wà nítòsí ni ará Ajégúnlẹ̀. Yorùbá, Ìlàjẹ, Ìjọ́, Ùròbò àti Ìgbò ló jọ ń gbé yàrá kọ̀ọ̀kan níbẹ̀, iṣẹ́ èbúté ló sì kó ọ̀pọ̀ wọn wá. Ẹni tó sọ ibẹ̀ ní Ajégúnlẹ̀ mọ ohun tó ń sọ: ohun tí ọkọ̀ ń ṣe létí omi ni ajé ṣe níbẹ̀.

Mo rántí yàrá kan ní Òlódì-Àpápá nígbà èwe mi, ti bọ̀rọ̀dá kan tó ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù. Bẹ́ẹ̀dì kan, tábìlì kan, rédíógíráàmù kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi ju bẹ́ẹ̀dì lọ. Àwo rẹ̀ wà nínú àpótí ọṣẹ, ó tò wọ́n lóròó, ó sì fi ọ̀rá wé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò jẹ́ kí a fọwọ́ kan ojú wọn. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di etí àwo mú, kí a yí i sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, kí a wo bí ìlà ojú rẹ̀ ṣe ń dán. Ibi tí kò bá dán mọ́, abẹ́rẹ́ ti jẹ ẹ́. Ó ní ká ka nọ́ńbà tí wọ́n fi irin kọ sí ẹ̀gbẹ́ àárín, níbi tí orin parí sí, nítorí páálí lè purọ́, nọ́ńbà yẹn kì í purọ́. Títí dòní, bí mo bá gbé àwo, ìmọ́lẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wá.

Jáàsì ló kọ́kọ́ gba ìlú. Bobby Benson àti àwọn tó tẹ̀ lé e ti mú un mọ́ háíláìfù kí òmìnira tó dé. Louis Armstrong wá sí Nàìjíríà ní 1960, ọdún òmìnira gan-an. Ní oṣù Kejìlá 1961, ẹgbẹ́ AMSAC ti àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kó Lionel Hampton, Nina Simone àti Randy Weston wá ṣeré ní pápá ìṣeré King George V l'Ónìkan. Ẹni tó ti ń gbọ́ wọn nínú àwo wá fojú rí wọn. Àwa náà wà nínú àwo wọn. Babatúndé Ọlátúnjí, ọmọ Àjídò nítòsí Àgbádárìgì, gbé Drums of Passion jáde fún Columbia ní 1960. Solomon Ìlọ̀rí bá Art Blakey ṣe The African Beat fún Blue Note, ó sì gbé tirẹ̀ jáde níbẹ̀ ní 1963. Nítorí náà ẹni tó bá ń kó Blue Note jọ ní Èkó kò kó ẹrù ẹlẹ́rù. Ohùn ará ilé wà níbẹ̀.

Tony Allen ni ẹ̀rí tó lágbára jù fún ohun tí àwo lè ṣe fún ènìyàn. Iṣẹ́ ẹ̀rọ ló ń ṣe ní ilé-iṣẹ́ rédíò l'Ékòó kó tó di onílù, àwo Blakey àti ti Max Roach ló sì ń gbọ́. Ó ka ohun tí Max Roach kọ sínú ìwé ìròyìn Down Beat nípa síńbà ẹlẹ́sẹ̀, ó jókòó tì í, ó sì kọ́ ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti máa sọ̀rọ̀. Kò rí olùkọ́ kankan nínú yàrá náà. Nígbà tí James Brown wá sí Èkó ní 1970, Allen sọ pé ẹni tó ń to orin fún James Brown dúró tì òun, ó ń wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ òun, ó sì ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó gba inú àwo wá sí Èkó ti ń padà sí Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Ní 2017, Blue Note gbé àwo kan tí Allen fi júbà Blakey jáde.

Sóòlù kò pẹ́ lẹ́yìn jáàsì. Geraldo Pino láti Sàró ló gbé e jó dé Èkó, ó sì ba Fẹlá lẹ́rù débi pé Fẹlá fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ rẹ̀. Orlando Julius, ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì, gbé Super Afro Soul jáde fún Philips ní 1966. Ṣẹ́gun Bucknor padà láti Amẹ́ríkà, ó dá Soul Assembly sílẹ̀. Iyàn tí àwọn ènìyàn ń jà lórí ẹni tó ni Afrobeat láàárín Orlando Julius àti Fẹlá kò kàn mí níhìn-ín. Kí ẹni tó ní àwo méjèèjì gbé wọn sórí ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí a fẹ̀sọ̀ tú ni ti sitúdíò EMI ní Wharf Road, Àpápá. Ní oṣù Kẹjọ 1973, Paul McCartney, Linda ìyàwó rẹ̀, àti Denny Laine dé sí Èkó láti ṣe àwo Band on the Run. Méjì nínú ẹgbẹ́ wọn ti fi wọ́n sílẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n wọ ọkọ̀ òfurufú. Láti ìgbà náà ni ìtàn ti di méjì: àwọn kan ní Àpápá ni wọ́n ti ṣe gbogbo rẹ̀, àwọn kan ní Ìkẹjà ni, ní sitúdíò ARC tí Ginger Baker, onílù ará Ìlú Ọba, kọ́. Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kó má ní ààlà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n la ààlà yìí. Ìkẹjà ni wọ́n dé sí, ìyẹn ló fa ìdàrúdàpọ̀. Orin kan, Picasso's Last Words, ni wọ́n ṣe ní ARC láti fi tẹ́ Baker lọ́rùn. Ìpìlẹ̀ púpọ̀ nínú àwọn tó kù, Àpápá ni, lórí ẹ̀rọ olójú mẹ́jọ, Geoff Emerick ló sì ń darí ẹ̀rọ. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti parí rẹ̀ ní sitúdíò AIR. Ẹni tó bá ní Àpápá kò tọ́ sí i, òun ni kò gbọ́ ọ̀rọ̀ tán.

Àwọn ìtàn tó kù lórí ọ̀rọ̀ náà kò ní iyàn nínú. Àwọn olè dá Paul àti Linda lọ́nà lálẹ́, wọ́n kó kásẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gba orin sí tẹ́lẹ̀. Fẹlá bá a jà lẹ́nu pé ó wá jí orin àwọn aláwọ̀ dúdú, McCartney fi ohun tó ti ṣe hàn án, ìjà sì tán. Ó dùn mí pé gbogbo ayé mọ EMI Àpápá nítorí àlejò tó lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀, nígbà tí àwọn onílé ti ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. EMI Nàìjíríà ló gbé Jẹun K'ó kú Fẹlá jáde ní 1971, àwo tó gba gbogbo ìlú. Odion Iruoje ló darí ṣíṣe rẹ̀. Ní 1973 kan náà ni wọ́n gbé Chapter One ti ẹgbẹ́ BLO jáde àti Try and Love ti Ofege, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ St. Gregory's l'Ọ́balẹ́ńdé, tí wọn kò tíì jáde ìwé mẹ́wàá. Àwọn àwo tí lẹ́tà NEMI wà níwájú nọ́ńbà wọn wọ̀nyí ni àwọn òyìnbó ń fi owó ńlá wá lónìí. Ẹni tó bá bá ọ̀kan pàdé ní Ajégúnlẹ̀ kó má fi ṣe ìdérí ìkòkò.

Àjọ̀dún àṣà FESTAC 1977 kó Stevie Wonder àti Sun Ra wá sí Èkó. Ní ọdún yẹn náà ni Lester Bowie, afunfèrè láti Amẹ́ríkà, wá gbé lọ́dọ̀ Fẹlá, fèrè rẹ̀ ló sì wà nínú No Agreement. Roy Ayers wá ní 1979, òun àti Fẹlá sì gbé Music of Many Colours jáde ní 1980. Èyí ni góńgó ìfẹ́ àwo náà: ẹni tó ń kó jáàsì àti ẹni tó ń kó orin ilé bá ara wọn pàdé lórí àwo kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn ìyẹn, kásẹ́ẹ̀tì dé. Owó náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, ní 1986, róbà tí wọ́n fi ń tẹ àwo di ọ̀wọ́n, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì ń ti ilẹ̀kùn. Ọjà Alábà gba òwò orin. Ajégúnlẹ̀ bí orin gálálà tirẹ̀ pẹ̀lú Daddy Showkey àti Baba Fryo, ṣùgbọ́n orí kásẹ́ẹ̀tì àti sídíì ni ìyẹn gbé. Ọ̀gbàrá ló pa àwo jù ní agbègbè yẹn, ilẹ̀ rẹ̀ sún mọ́ omi, bí òjò bá sì rọ̀ lóru, páálí ló ń kọ́kọ́ lọ, èbu a bò ó, aáyán a jẹ gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn ìdílé mìíràn tà á fún onírin-jáńkárà ní ọjọ́ kejì ìsìnkú.

Ti òde òní kò gùn. Ilé-ìtajà Jazzhole ti Kúnlé Tẹ́júoṣó ní Awólọ́wọ̀ Road l'Íkòyí kò jẹ́ kí iná náà kú, Evergreen Musical Company ti Fẹ́mi Ẹ̀ṣọ́ kó ti háíláìfù jọ. Ilé-iṣẹ́ Soundway tún orin wa tẹ̀ ní Ìlú Ọba, Luaka Bop ṣe ti William Onyeabor ní 2013, Iruoje fúnra rẹ̀ sì wà nídìí Odion Livingstone tó ń tún àwọn àwo ìgbà náà tẹ̀ jáde. Àwo àtijọ́ tí ẹnì kan fi pamọ́ ni wọ́n ń fi ṣe ọ̀pọ̀ wọn, nítorí téèpù àkọ́kọ́ ti sọnù.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí bàbá yín ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀fù, tí àpótí kan ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní Ajégúnlẹ̀, Àmùkòkò tàbí Òlódì: ẹ gbé e kúrò nílẹ̀ kí òjò tó dé. Ẹ tò ó lóròó, ẹ má tò ó lélẹ̀. Bí ó bá dọ̀tí, omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ ni, ẹ má jẹ́ kí omi kan bébà àárín, abẹ́ ìbòòji ni kí ẹ sì sá a sí. Kí ẹ tó ta ẹyọ kan, ẹ kọ orúkọ ẹni tó rà á, ọdún tó rà á, àti ọkọ̀ tó gbé e wá, sínú ìwé kékeré kan.